Òṣómàáló inú Ìgò

Fadérèrà ọmọ mi kò fi owó sílẹ̀ nígbà tó ń padà lọ.
Ìgò jáàmù kan ló fi sílẹ̀, ó fi aṣọ bò ó lẹ́nu,
fùláwà àti omi ló wà nínú rẹ̀, ó ń hó bí ọṣẹ.
“Bàámi, ẹ máa fún un lóúnjẹ láràárọ̀. Kò gbọdọ̀ kú o.”
Mo ní, ṣé ajá ni?
Ó rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ ti ń fun fèrè níta.

Bàbá bàbá mi ta aṣọ láwìn láti Iléṣà dé Àkókó.
Bó bá di ọjọ́ owó, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè:
“Òṣó ni màá ló kí n tó gbowó mi.”
Òjò á pa á, oòrùn á pa á,
kò ní fìdí kanlẹ̀, kò sì ní dìde.
Ní ọjọ́ kẹta tí mo gbàgbé ìgò yìí
mo bá a níbi tó lóṣòó sí lórí tábìlì ìdáná,
ó ti rẹ̀ sílẹ̀, omi dúdú léfòó lórí rẹ̀,
ó ń rùn bí ẹmu àná.
Mo mọ irú ìjókòó yẹn.
Mo san fùláwà síbí méjì. Mo tún bẹ̀ ẹ́.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi bá Nẹ́pà ṣiṣẹ́,
mo gun òpó ní Ìbòkun, mo gùn ún ní Ìpetu,
n kò po ìyẹ̀fun rí.
Wákàtí méjìlá ni kó fi sùn, Fadérèrà kọ ọ́ sínú ìwé.
Mo ṣọ́ aago bí ẹni tó ń lo oògùn dókítà.
Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kún àwo, ó ti ṣàn kọjá etí,
ó ti lẹ̀ mọ́ rédíò mi.
Mo yan èyí tó kù.
Ó rí pẹlẹbẹ bí àlòkù bàtà,
ọ̀bẹ kọ̀ ọ́, eyín mi mélòó kan tó kù kọ̀ ọ́,
adìẹ Màmá Ìbídùn wò ó, wọ́n yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Màmá Ìbídùn tẹ̀lé adìẹ rẹ̀ wọlé.
Ogójì ọdún ló ti ń sẹ́ ògì ní Ìṣọ̀kùn níbí.
Ó gbé ìgò sún mọ́ imú, ẹ̀ẹ̀kan péré.
“Ògì tó ń kan náà nìyí. Kí lẹ wá ń fi ìwé ṣe?
Níbi tí ọmọ yín wà, ṣé irú oòrùn yìí ń ràn níbẹ̀?”
Ó gbé àwo náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ àmù,
níbi tí ìkòkò amọ̀ ti ń làágùn tútù.
“Ẹ fi aago sílẹ̀. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́.
Bó bá sáré padà, kò tíì tó.
Bó bá rọra padà, bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun ọ̀sán,
ẹ gbé e.”

Nítorí náà mo ń tẹ̀ ẹ́, mo ń dúró.
Mo ń ká etí rẹ̀ sínú, apá ọ̀tún, apá òsì,
bí Ọmọ́lẹ́wà ṣe máa ń ká gèlè sínú àpótí
nígbà tó ṣì ń wé gèlè.

Lọ́jọ́ Sátidé, ààrò oníná ti gbóná, mo ti gbé e wọlé,
iná lọ.
Àwọn ọmọ àdúgbò pariwo, wọ́n bú Nẹ́pà.
Èmi náà bú wọn. Mo bú wọn tìyá-tìyá.
Mo wá da iyanrìn sínú ìkòkò irin ọjọ́ ìsìnkú,
mo gbé e ka èédú, mo kó ẹyin iná lé ìdérí,
mo lóṣòó tì í.
Orúnkún mi dún kà. N kò dìde.

Nígbà tí mo ṣí i, ó ti wú,
ẹ̀yìn rẹ̀ là bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, ìdí rẹ̀ jó.
Ó ń ta pẹ́pẹ́ bó ṣe ń tutù, mo tẹ́tí sí i.
Màmá Ìbídùn bù ú jẹ. Ó ní ó ti kan jù.
Ó tún bu òmíràn.

Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni iná tó dé.
Mo tan gílóòbù ilé ìdáná:
ìgò ti lóṣòó dè mí,
fùláwà ilé sì ku síbí kan.